Alùpùpù kékeré tí kì í mu epo púpọ̀, fún ọ̀nà Kétu sí abúlé: èwo ni kí n rà?

Tíṣà Ọ̀nà Idigny

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Kétu ti ilẹ̀ Benin ni mo ń gbé, abúlé kan lójú ọ̀nà Idigny ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Kìlómítà 16 ni àlọ, 16 ni àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọ̀dà wà nínú rẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ pupa ni ìyókù: eruku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ àti kòtò nígbà òjò. Èmi nìkan ni mo sábà máa ń wà lórí rẹ̀, àfi ọjọ́rú tí mo máa ń gbé ọmọ mi ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ìró ni mo máa ń wọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò ga, mítà 1.57 ni mí.

Owó tó wà nílẹ̀ kò ju 550,000 sẹ́fà lọ, ìwé rẹ̀ àti kásìkì (akoto orí) wà nínú rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń dárúkọ fún mi: sìkútà tí kò ní jíà rárá; èyí tó ní jíà mẹ́rin tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, irú Honda Wave tàbí Haojue 110; àti irú Bajaj Boxer 100 tí àwọn zémidjan (ọlọ́kadà) ń gùn. Èwo ló ń mu epo kéré jù nínú wọn? Ṣé epo nìkan sì ni kí n wò?

Ọmọ Wàǹdó

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Sìkútà ni kí ẹ rà. Ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìró kò ní dí yín lọ́wọ́, báàgì ìwé á jókòó síwájú yín, kásìkì á wọ abẹ́ ìjókòó. Ẹ yí gáàsì, ó lọ. Ẹ tẹ bíréèkì, ó dúró. Níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), láti Wàǹdó títí dé Àjàrá, lórí òkúta tí wọ́n tẹ́ sí títì, kò sí èyí tó rọrùn tó o. Sìkútà cc 110 tó ní injection (ẹ̀rọ oníná tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) kì í ju lítà 2 sí 2.3 lọ ní 100 kìlómítà, bí ẹni tó gùn ún bá rọra.

Ẹlẹ́rọ Ìdẹ̀nà

Ọmọ Wàǹdó, ohun tí ẹ sọ yẹ títì Àjàṣẹ́. Kò yẹ ọ̀nà Idigny. Ẹ jẹ́ ká wo táyà ná, ká tó dé orí epo.

Táyà sìkútà sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 10 tàbí 12. Ti Wave àti Boxer jẹ́ 17. Bí kòtò bá fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, táyà 17 á gba orí rẹ̀ kọjá. Táyà 10 á wọ inú rẹ̀, á sì fi orí sọ etí kòtò kejì. Ohun tó ń tẹ ríìmù nìyẹn, òun náà ló ń já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wà nínú ẹrẹ̀. Abẹ́ sìkútà púpọ̀ sún mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, ipa táyà ọkọ̀ ńlá tó bá ti gan lójú ọ̀nà á máa ha á.

Ìkejì ni bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì sìkútà lọ sí táyà ẹ̀yìn. Fáànù kan wà tó ń fa afẹ́fẹ́ wọ ilé bẹ́líìtì yẹn kó má baà gbóná jù, eruku sì ń bá afẹ́fẹ́ náà wọlé. Lórí ọ̀dà, bẹ́líìtì lè lo nǹkan bíi 20,000 kìlómítà. Lórí ilẹ̀ pupa, ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣí ilé rẹ̀ ní gbogbo 5,000, kí ẹ fẹ́ eruku jáde, kí ẹ sì wò bóyá àwọn róló kéékèèké inú rẹ̀ ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí róló bá ti jẹ, sìkútà á máa gbọ̀n nígbà tó bá fẹ́ gbéra, epo tó ń mu á sì pọ̀ sí i. Bí bẹ́líìtì bá já lójú ọ̀nà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi so ó pọ̀. Ṣéènì tó bá já, ojú kan péré ni wọ́n ń fi pààrọ̀, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní abúlé á ṣe é fún yín.

Tèmi: ẹ ra oríṣi kejì. Honda ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1958 tí wọ́n pè é ní Super Cub, nígbà tó fi máa di 2017 èyí tí wọ́n ti ṣe ti lé ní mílíọ̀nù 100. Ohun mẹ́ta ló sọ ọ́ di ti gbogbo ayé: táyà tó tóbi lórí ara tó fúyẹ́, ibi ìgbésẹ̀ tó wà nílẹ̀ tí aláṣọ gígùn lè gbà kọjá, àti kílọ́ọ̀ṣì tó ń di ara rẹ̀ mú fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára. Ẹsẹ̀ nìkan lẹ fi ń yí jíà (àwọn tó ń sọ fítẹ́ẹ̀sì níbí, ohun kan náà ni). Lítà 1.7 sí 2.1 ló ń mu ní 100 kìlómítà.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Mi ò fara mọ́ ọn pátápátá, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá ń gba ilẹ̀ pupa lójoojúmọ́, Boxer 100 ni. Ìdí mẹ́ta: férémù rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹrù, abẹ́ rẹ̀ ga sílẹ̀, táǹkì rẹ̀ gba ju lítà 10 lọ, nígbà tí ti Wave kò ju 3.5 sí 4 lọ. Ẹni tó ń gbé abúlé mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ẹ bá kún táǹkì ní Kétu, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó tún wá epo. Àti pé kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ wúlò nínú ẹrẹ̀: ẹ lè fún un díẹ̀díẹ̀ kí táyà ẹ̀yìn má baà ṣáà máa yí lójú kan. Èyí tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń mú ara rẹ̀, bó bá ti mú, ó mú ni.

Tó bá sì jẹ́ epo lẹ ń wò, Boxer 100 náà wà láàárín 1.6 sí 2. Kò sí ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹ tìtorí rẹ̀ pa yíyàn dà.

Ẹlẹ́rọ Ìdẹ̀nà

Ọmọ Òkè, ọ̀rọ̀ táǹkì jẹ́ òótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọ̀rọ̀ àǹtí padà: mítà 1.57, ìró, ọmọ lẹ́yìn. Ìjókòó Boxer ga tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 80, ti Wave wà ní 76. Sẹ̀ńtímítà 4 yẹn ló ń sọ bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì á kanlẹ̀ tàbí ọmọ ìka nìkan, inú ẹrẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ti ń wúlò jù. Táǹkì Boxer tún wà láàárín itan méjì, kí ni àǹtí fẹ́ ṣe ìró sí?

Ìyá Ìbejì Sákétẹ́

Ẹ jẹ́ kí obìnrin sọ ti ìró. Ohun tó léwu jù níbẹ̀ ni eteetí aṣọ tó ń wọ inú wáyà táyà ẹ̀yìn tàbí ṣéènì. Bó bá ti gbá a mú, ó ń fa ènìyàn lulẹ̀ sẹ́yìn ni. Nítorí náà, èyíkéyìí tí ẹ bá rà:

Ẹ rí i pé ilé ṣéènì rẹ̀ bo ṣéènì látòkè dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe pẹlẹbẹ orí rẹ̀ nìkan. Ilé ṣéènì odindi tún ń lé eruku, ṣéènì á sì pẹ́ sí i. Ẹ ní kí wọ́n fi irin ìdábòbò sí ẹ̀gbẹ́ òsì táyà ẹ̀yìn, irú èyí tí àwọn ará Íńdíà ń fi sí tiwọn nítorí aṣọ sárì àwọn obìnrin wọn. Tí kò bá sí, wẹ́dà á ṣe é nínú wákàtí kan. Kí ẹ wọ ṣòkòtò fẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ìró, kí ẹ sì ká eteetí rẹ̀ sábẹ́ itan kí ẹ tó gbéra. Ọmọ yín náà, ẹ wo bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi ìtẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí kò bá dé, ẹ má gbé e títí tí wọ́n á fi bá yín so ìtẹsẹ̀ tó ga sí i mọ́ ọn, torí gìgísẹ̀ ọmọ tó ń rọ̀ dirodiro, inú wáyà ló ń lọ. Kásìkì tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín, kí ó jẹ́ ti ọmọdé.

Ọmọ Wàǹdó

Mo gba ti táyà àti ti eruku. Ṣé ẹ ò ní wo èyí tó ń lo iná mànàmáná? Kò mu epo rárá. Ó ti wà l'Ájàṣẹ́ àti Kútọnu, irú ti Spiro tí wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ ní ibùdó dípò kí ẹ jókòó ti iná.

Onísirò Pobè

Ìyẹn dára fún ẹni tí ibùdó ìpààrọ̀ bátìrì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Kí àǹtí kọ́kọ́ béèrè: ibùdó dà ní ojú ọ̀nà abúlé? Bí kò bá sí láàárín kìlómítà díẹ̀ sí ilé rẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ ná. Alùpùpù tí bátìrì rẹ̀ kì í ṣe tiyín, ibi tí ibùdó dé ni ìrìn rẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò epo, torí mo rí i pé gbogbo wa ń pe nọ́ńbà láìṣe ìṣirò. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ kìlómítà 32. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá jẹ́ 22 lóṣù, 704 kìlómítà nìyẹn. Èyí tó ń mu lítà 2 ní 100 á mu lítà 14. Èyí tó ń mu 2.8 á mu nǹkan bíi lítà 20. Ìyàtọ̀ jẹ́ lítà 5.6. Ẹ jẹ́ ká mú lítà kan ní 700: sẹ́fà 3,900 àti díẹ̀ lóṣù, ó sún mọ́ 40,000 ní oṣù 10 tí ilé-ìwé fi ń ṣí. Kò kéré. Ṣùgbọ́n láàárín Wave àti Boxer, ìyàtọ̀ kò tó lítà kan lóṣù. Ọ̀rọ̀ epo ti tán láàárín àwọn méjèèjì yẹn. Kí àǹtí fi gíga ìjókòó àti ẹ̀yà tó wà ní Kétu yàn.

Àti pé kí ẹnikẹ́ni má gba nọ́ńbà ẹni tó ń tà á. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: ẹ gbé e sórí ìdúró méjì (ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ méjì abẹ́ rẹ̀ tó ń mú un dúró ṣánṣán), ẹ kún táǹkì títí dé etí ọrùn, ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀. Ẹ gùn ún ní ìrìn yín ojoojúmọ́, ó kéré tán 150 kìlómítà. Ẹ padà sí ibi kan náà, ẹ gbé e sórí ìdúró méjì, ẹ kún un dé etí ọrùn kan náà, pẹ̀lú ìgò tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí. Lítà tó wọlé, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ẹ pín in fún kìlómítà. Lítà 3.2 fún 160 kìlómítà, 2 nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe é ní ìgbà mẹ́ta tí kò sì yàtọ̀ púpọ̀, ẹ ti mọ ti alùpùpù yín. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù: bó bá fò láti 2 sí 2.5 lójijì, nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Tíṣà Ọ̀nà Idigny

Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á bùkún ọ̀nà yín. Mo ti yọ sìkútà àti ti iná kúrò. Ìbéèrè kù: èyí tó ní kábúrétọ̀ (ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ láìlo iná) àti èyí tó ní injection, èwo? Ní abúlé, epo inú ìgò ni gbogbo wa ń rà. Ẹnìkan sì ní kí n pààrọ̀ eyín ṣéènì iwájú (àwo eléyín tó ń fa ṣéènì) láti eyín 14 sí 15, pé epo á dínkù.

Ọlọ́jà Epo Mọ́

Ìbéèrè epo ìgò yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dá lé, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Kpayo, epo fàyàwọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò, kò rọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, owó rẹ̀ ti fò sókè. Ìgbà tí nǹkan bá sì wọ́n ni àbùlà ń pọ̀. Oríṣi àbùlà méjì ló wà: omi àti kẹrosín-ìn.

Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí. Ẹ gba epo yín sínú ìgò funfun tó mọ́ gaara, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, lókèèrè sí iná. Bí ẹ bá rí ilà kan ní ìsàlẹ̀ tàbí nǹkan tó ń yí gbiri bíi ìlẹ̀kẹ̀, omi ni. Kódà bí ẹ ò bá rí nǹkan, ẹ má da ìwọ̀n ìka kan tó gbẹ̀yìn sínú táǹkì. Ti kẹrosín-ìn: ẹ kán epo sórí bébà funfun. Epo gidi á gbẹ kíákíá, kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀. Èyí tó ní kẹrosín-ìn á fi àbàwọ́n ọlọ́ràá sílẹ̀. Alùpùpù tó bá mu ú á ṣòroó jí láàárọ̀, á máa rú èéfín funfun, á sì máa kan gbánrangbánran bí ẹ bá ń gun òkè.

Àsẹ́ aláṣọ lórí àrọ kò dá omi dúró o, ìdọ̀tí nìkan ló ń mú. Ẹ má gbára lé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó epo pamọ́ sínú ilé nítorí pé táǹkì kéré. Iná tó jó níbi ìkó-epo ní Sèmè-Kraké ní oṣù kẹsàn-án 2023 pa ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ. Bí ilé-epo bá wà níbi tí ẹ ń gbà kọjá ní Kétu, ẹ yà níbẹ̀. Lítà 4 á gbé yín lọ sí ilé-ìwé àti wá fún ọjọ́ márùn-ún, á sì tún kù díẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Ìdẹ̀nà

Mo gbè é lẹ́yìn. Nítorí epo yẹn gan-an ni mo fi máa sọ fún àǹtí pé kábúrétọ̀ ni.

Injection ń dín epo kù lóòótọ́, ó sì ń jí láàárọ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ihò tó ń fọ́n epo nínú rẹ̀ kéré gan-an, ìdọ̀tí díẹ̀ ló ń dí i. Pọ́ńpù rẹ̀ wà nínú táǹkì, epo tó yí i ká ló ń mú un tutù. Ẹni tó bá ń jẹ́ kí epo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kó tó rà á, ó ń sun pọ́ńpù rẹ̀ ni. Bí bátìrì bá kú pátápátá, púpọ̀ nínú wọn kò ní jí, bí ẹ tilẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ta á. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àṣìṣe rẹ̀, kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló ní in.

Kábúrétọ̀: sìkúrù kan wà ní ìdí àwo rẹ̀. Ẹ pa epo, ẹ gbé ike sábẹ́ ọ̀pá rọ́bà tó wà níbẹ̀, ẹ tú sìkúrù náà yípo kan. Omi àti ìdọ̀tí á ṣàn jáde. Ẹ dì í padà. Ìṣẹ́jú méjì ni, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà ki inú jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ láti tú u. Wáyà ń mú ihò rẹ̀ gbòòrò, epo tó ń kọjá á pọ̀ sí i, ẹ ò sì ní mọ ìdí tí alùpùpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bíi ti ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni kí wọ́n fi fẹ́ ẹ.

Ọmọ Wàǹdó

Ẹ̀gbọ́n, injection kì í bàjẹ́ tó báyìí bí ẹni tó ni ín bá ń ra epo ní ilé-epo, tó sì ń pààrọ̀ asẹ́ epo nígbà tí ìwé ẹ̀rọ bá ní kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má bà á lórúkọ jẹ́ fún àwọn tó wà nílùú.

Ẹlẹ́rọ Ìdẹ̀nà

Mo gbà, Ọmọ Wàǹdó. Fún ẹni tó wà l'Ájàṣẹ́ tó ń ra epo ní ilé-epo, injection ni èmi náà máa sọ. Àǹtí ni mò ń dá lóhùn.

Ti eyín ṣéènì: 14 sí 15 ń dín yíyí ẹ́ńjìnnì kù ní nǹkan bíi 7 nínú 100, ní eré kan náà. Ẹni tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí lórí ọ̀dà títí dé Pobè lè rí èrè díẹ̀. Lórí ilẹ̀ pupa, níbi tí ẹ ti ń rìn 30 sí 40, jíà kẹrin á wúwo jù fún un, ẹ óò máa lo ìkẹta, epo tí ẹ rò pé ẹ tọ́jú ti lọ nìyẹn. Ẹ fi 14 sílẹ̀.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Lórí ìyẹn, ohùn wa ṣọ̀kan. Níbi òkúta òkè Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fi 15 síwájú tó sì gbé ènìyàn lẹ́yìn, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló ń jó. Ohun tó ń dín epo kù lọ́fẹ̀ẹ́ ni eré. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ènìyàn padà ní 70 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti 50. Ẹ tún wo atẹ́gùn táyà láràárọ̀ ọjọ́ ajé: 1.75 sí 2 báà níwájú, 2 sí 2.25 lẹ́yìn, kí ẹ fi díẹ̀ kún ti ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ, bí ìwé ẹ̀rọ náà bá ṣe wí. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹ tú atẹ́gùn sílẹ̀ kó lè rọ̀ lórí kòtò. Táyà rírọ̀ ń mu epo, ó ń jẹ́ kí túùbù yí, ọrùn rẹ̀ á sì já.

Asẹ́ afẹ́fẹ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kàn án. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ ṣí i wò. Bó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa ní ibòji, ẹ ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí i, ẹ fún un títí tí kò fi kán mọ́. Bó bá jẹ́ ti bébà, ẹ má fi omi kàn án. Ẹ fẹ́ ẹ láti inú sí òde, kì í ṣe láti òde sínú, bó bá sì ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lára kábúrétọ̀, asẹ́ tó bá dí ń sọ epo di púpọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ óò rí i lára búùjì (pulọ́ọ̀gì): dúdú bí èédú. Búùjì tó dára, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti àmọ̀ gbígbẹ.

Tíṣà Ọ̀nà Idigny

Mo ti rí méjì. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, 110, kábúrétọ̀, kò ju owó mi lọ. Ìkejì jẹ́ Wave àlòkù, owó rẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti tuntun, ẹni tó ń tà á ní kò tíì rìn ju 14,000 kìlómítà lọ. Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ wò wọ́n.

Ọmọ Àjàrá

Àlòkù, ẹ sọ fún un kó má jí i kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀: bó bá ti gbóná, ó ń fi nǹkan pamọ́, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ́ńjìnnì tútù ló ń sọ òótọ́.

Ẹ ta á. Kó jí láàárín ìta mẹ́ta. Ẹ wo èéfín ní ẹnu sàlẹ́ńsà: búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì, ríǹgì písítọ́nù tàbí rọ́bà fáàfù ti jẹ, owó ńlá nìyẹn. Dúdú túmọ̀ sí epo tó pọ̀jù, kábúrétọ̀ tàbí asẹ́ ni, owó kékeré. Ẹ gbé e sórí ìdúró méjì, ẹ di táyà ẹ̀yìn mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń gbọ̀n, béárìnì tàbí búṣì férémù ni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún iwájú, kí ẹ sì yí ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: bí ó bá ń kọ́ níbì kan láàárín, béárìnì ọrùn ti jẹ. Ẹ wo abẹ́ férémù níbi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ ọn bóyá wọ́n ti wẹ́dà rẹ̀.

Ti 14,000: nọ́ńbà yẹn, ẹnikẹ́ni lè yí i padà. Ẹ wo rọ́bà ìtẹsẹ̀ àti eyín ṣéènì ẹ̀yìn. Bí eyín bá ti mú ṣóńṣó tó sì tẹ̀ síbì kan, tàbí tí rọ́bà ìtẹsẹ̀ ti dán, ó ti rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá máa pààrọ̀, ẹ pààrọ̀ eyín iwájú, eyín ẹ̀yìn àti ṣéènì pa pọ̀. Ṣéènì tuntun lórí eyín àtijọ́ kì í pẹ́.

Ní ìparí, ìwé. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára férémù àti ti ara ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá ti carte grise (ìwé ìforúkọsílẹ̀ alùpùpù) mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ìwé wà nílé òun á mú un wá tó bá yá, ẹ má sanwó.

Onísirò Pobè

Tuntun ni mo máa mú bí mo bá wà ní ipò yín, àǹtí, bí ẹ̀yà rẹ̀ bá wà ní Kétu. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó sanwó: ẹ wọ ilé ìta ẹ̀yà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ béèrè kébù kílómítà, bàtà bíréèkì ẹ̀yìn, eyín ṣéènì àti ríǹgì písítọ́nù rẹ̀. Bí méjì nínú mẹ́ta bá ní gbogbo rẹ̀ lórí pẹpẹ, ẹ rà á. Bí wọ́n bá ń sọ pé Kútọnu ni àwọn á ránṣẹ́ sí, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó dán tó. Ẹ sì yọ owó ìwé, nọ́ńbà, asúráńsì, kásìkì méjì àti ọ́ìlì àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó dúnàádúrà.

Tíṣà Ọ̀nà Idigny

Mo lọ. Àlòkù yẹn gbóná nígbà tí mo dé, mo sì padà. Ilé ìta ẹ̀yà méjì ní ti tuntun náà lórí pẹpẹ. Mo ti sanwó, ọjọ́ àbámẹ́ta ni mo máa gbé e. Kí ni kí n ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́?

Ẹlẹ́rọ Ìdẹ̀nà

Ẹ kú oríire, àǹtí. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọ́ìlì rẹ̀ lójú yín, torí nígbà mìíràn wọ́n máa ń tà á láìkún. Ó máa ń gba nǹkan bíi lítà 0.8 sí 1; kí ó wà láàárín ilà méjì tó wà lára ọ̀pá.

Fún 500 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má kọjá 50, ẹ má sì fi gáàsì kan náà rìn lọ títí. Ẹ máa yí i sókè sódò, kí ríǹgì lè jókòó dáadáa sára sílíńdà. Ẹ má gbé ẹrù tó wúwo. Ní 500, ẹ da ọ́ìlì yẹn nù bó ti wù kó mọ́ tó, irin wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo 2,000. Ẹ wo ara agolo ọ́ìlì kí ẹ rí i pé wọ́n kọ JASO MA sí i, àmì pé ó bá kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù mu. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wà tó ní nǹkan tó ń yọ̀ nínú, kílọ́ọ̀ṣì yín á máa yọ̀ lórí òkè, ẹ óò sì máa rò pé ẹ́ńjìnnì ló rẹ̀.

Ṣéènì tuntun máa ń gùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ gbé e sórí ìdúró méjì, ẹ fi ìka ti ṣéènì láàárín eyín méjèèjì: kó mì ní mílímítà 20 sí 30. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fà á sẹ́yìn, àmì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì kó wà ní ojú kan náà. Ọ́ìlì jíà ni kí ẹ fi pa á, díẹ̀, kí ẹ sì nu èyí tó ṣẹ́kù. Ẹ má lo ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú láti inú ẹ́ńjìnnì, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn bí yanrìn mọ́ oyin.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí jíà, ẹ dá gáàsì padà kí ẹ tó tẹ ẹsẹ̀. Ẹ gbé e wá sí Ìdẹ̀nà tó bá pé 500, ká jọ wo fáàfù rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù láàárọ̀.